Ọjọ́ kan ṣoṣo la ní láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa nípa ìlera ọpọlọ àwọn ọmọ: báwo ni ká ṣe lò ó?

Ìbéèrè: Èmi ni igbákejì ọ̀gá àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Lọ́dún tó kọjá, méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn. Ọlọ́run yọ wọ́n. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti wá fún wa ní ọjọ́ kan, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, láti dá gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ pe dókítà ọpọlọ kan kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ àwọn olùkọ́ kan ń kùn pé ìṣirò àti èdè ni wọ́n gbà àwọn fún, wọn kò gbà àwọn ṣe dókítà. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá dárúkọ ìpara-ẹni létí ọmọ, ńṣe ni àwọn máa fi kọ́ ọ. Ṣé ọjọ́ kan tó? Kí ni ká fi ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ohun tójú yín rí lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ kan kò tó. Àmọ́ ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹ kò bá ti fi gbogbo rẹ̀ jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní pe dókítà yẹn lọ́jọ́ náà rárá. Ó lè yà yín lẹ́nu pé ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí rèé. Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ni Betty Kitchener àti Tony Jorm ti dá ẹ̀kọ́ ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún ìlera ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Mental Health First Aid, sílẹ̀ lọ́dún 2000. Nígbà tó yá, wọ́n fi kọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀, wọ́n sì wo ohun tó so. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2010: ìmọ̀ àwọn olùkọ́ pọ̀ sí i, ọkàn wọn le sí i láti ṣèrànwọ́, ojú burúkú tí àwọn kan fi ń wo ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dá sì dín kù. Nígbà tó wá kan ìrànlọ́wọ́ tí olùkọ́ ń ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sí ìyàtọ̀ tó hàn. Ìlera ọpọlọ àwọn ọmọ náà kò yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Olùkọ́ lè ka gbogbo àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lórí láìwo ìwé. Bí kò bá mọ ẹni tó máa mú ọmọ tó ń sunkún lọ bá ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ńṣe ló máa ní kí ọmọ náà lọ bọ́jú, kó padà wá jókòó. Kì í ṣe pé ó burú nínú. Kò rí ọ̀nà gbà ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ la ọ̀nà náà kí ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pé. Kí ẹ̀yin, ọ̀gá àgbà àti olùdámọ̀ràn yín, bí ẹ bá ní ọ̀kan, jókòó, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ojú ìwé kan péré. Ta ni wọ́n máa mú ọmọ lọ bá? Bí ẹni náà kò bá wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Yàrá wo ni wọ́n máa jókòó sí tí ẹni tó ń kọjá lọ kò ní máa yọjú wo wọn? Ta ló máa pe òbí, kí ló sì máa sọ fún wọn? Ilé ìwòsàn wo nítòsí ló ń tọ́jú ọmọdé tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ṣé wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀? Ibo ni ìwé tí ẹ bá kọ nípa ọmọ náà máa wà, ọwọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà?

Nọ́ńbà tẹlifóònù tí ẹ bá kọ síbẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín pè é. Mo ti rí nọ́ńbà lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lọ mọ́. Mo ti rí èyí tó lọ, àmọ́ tí ẹni tó gbé e kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó sàn kí ẹ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ọmọ tó rí dókítà. Bí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni kí ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́, ẹ má bò ó. Kí ẹ sì jọ pinnu ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ máa ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn: ẹni tó máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láràárọ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ lè dín kù fún un, ibi tó lè lọ jókòó sí bí àyà rẹ̀ bá ń já láàárín ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gan-an wà níbí, kò sí dókítà tó lè bá yín ṣe é.

Ní ti ẹni tí wọ́n máa mú ọmọ lọ bá, ẹ yan méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ẹ má fi olùkọ́ tó ń bójú tó ìbáwí sí i, bó ti wù kó ní ìtara tó. Ọmọ kò ní tú inú rẹ̀ fún ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ lánàá.

Àwọn olùkọ́ tó ń kùn jàre, dé ìwọ̀n kan. Bí ẹ bá fi àwòrán ọpọlọ hàn wọ́n fún wákàtí mẹ́fà, ohun tó máa yé wọn ni pé ẹ fẹ́ sọ wọ́n di dókítà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ là á mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ pé ohun mẹ́ta péré ni tiwọn: kí wọ́n kíyè sí ọmọ, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí wọ́n fà á lé ẹni tó yẹ lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí kì í ṣe tiwọn náà. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn. Olùkọ́ tó lọ sọ fún òbí pé "ọmọ yín ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn" ti kọjá àyè rẹ̀, ó sì lè dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé: "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kì í bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó mọ́, ó sì ń sùn ní kíláàsì lójoojúmọ́." Òbí kò lè bá ohun tójú rí jiyàn.

Kíkíyèsí ọmọ le ju bí a ti rò lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ, àti pé ìdajì nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà ń ní ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi pé ọmọ ọdún 18. Bí ẹ bá fi wo kíláàsì ọmọ márùndínlógójì, ọmọ márùn-ún nìyẹn, bí a bá fi ojú ìdiwọ̀n lásán wò ó. Ẹ bi olùkọ́ kíláàsì náà léèrè àwọn tó mọ̀. Ó máa dárúkọ ọmọ kan tàbí méjì, àwọn tó ń jà, tó ń pariwo, tó ń fèsì padà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pé ìrora ló wà nídìí ìjà tí àwọn yẹn ń jà, kì í ṣe ìwàkiwà lásán. Àwọn mẹ́ta tó kù ńkọ́? Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń kọ iṣẹ́ wọn, wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú tí wọ́n ń tu itọ́ funfun.

Nítorí náà, dípò kí ẹ fún àwọn olùkọ́ ní àmì rẹpẹtẹ láti há sórí, ẹ kọ́ wọn láti máa wá ìyípadà. Báwo ni ọmọ yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe rí báyìí? Ṣé ó ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé ní kíláàsì kan ni, àbí níbi gbogbo? Ṣé ó ti ń dí i lọ́wọ́ láti sùn, láti jẹun, láti kàwé, láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe? Ọmọ tó dákẹ́ látilẹ̀ wá yàtọ̀ sí ọmọ aláriwo tó ṣàdédé dákẹ́. Kí wọ́n máa wo ara náà, torí pé ara ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń sọ̀rọ̀: orí fífọ́ àti inú rírun tí nọ́ọ̀sì kò rí ìdí rẹ̀, tó sì máa ń wáyé ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn nígbà tí ooru ń mú, ọmọ tó ń pín ohun tó fẹ́ràn jù fún àwọn ẹlòmíràn, àròkọ tí ikú gba inú rẹ̀ kan. Ohun kan lára ìwọ̀nyí lè máà já mọ́ nǹkan kan. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá pàdé lára ọmọ kan, kí ẹnì kan pè é.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìwé àmì lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Kí àwọn tó ń kọ́ kíláàsì kan náà jókòó pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n mú rẹ́jísítà, kí wọ́n máa pe orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n béèrè pé: ìgbà wo la gbọ́ ohùn ọmọ yìí gbẹ̀yìn? Ta ló mọ ohun kan nípa rẹ̀ yàtọ̀ sí máàkì rẹ̀? Bí wọ́n bá dé orí orúkọ kan tí gbogbo yàrá dákẹ́ tí wọ́n ń wo ara wọn lójú, ọmọ tó yẹ kí ẹnì kan lọ kí lọ́la nìyẹn. Olùkọ́ ìṣirò rí i pé kò fetí sílẹ̀ mọ́, ti eré ìdárayá rí i pé kì í fẹ́ bọ́ ẹ̀wù, ti èdè ti ka àròkọ rẹ̀. Kò sí èyí tó tó ké gbàjarè lé lórí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ó bá dá wà.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni kí ẹ fi ìdajì ọjọ́ náà lé. Ẹ pín àwọn òṣìṣẹ́ sí mẹ́ta-mẹ́ta: ẹnì kan ṣe ọmọ, ẹnì kan ṣe olùkọ́, ẹnì kẹta ń wò. Wọ́n máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀: "Mo rí i pé o kì í bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jáde mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí n béèrè bó o ṣe ń ṣe." Lẹ́yìn ìyẹn, kí olùkọ́ panu mọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Iṣẹ́ wa ti mọ́ wa lára láti dáhùn gbogbo ìbéèrè, títí kan èyí tí a fúnra wa béèrè. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wò ka ìṣẹ́jú àáyá. Mẹ́wàá máa dà bí ọdún kan lójú wọn, àmọ́ ẹ̀yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọmọ sábà máa ń sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ lójú sára pátákó, kí gbogbo wọn jọ rí i: "Ṣé torí èyí náà lo ṣe ń sunkún?" "Ṣe bí ọkùnrin." "Àwọn tí tiwọn le ju tìrẹ lọ wà." "Gbàgbé ẹ̀, ó máa lọ." Kò sí àgbàlagbà tí kò sọ ọ̀kan rí, inú rere ló sì máa ń wà nídìí rẹ̀ nígbà púpọ̀. Àmọ́ ohun tí ọmọ ń gbọ́ nínú gbogbo wọn ni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ti ìbẹ̀rù pé bíbéèrè nípa ìpara-ẹni lè fi kọ́ ọmọ, ìwádìí ti dáhùn rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 2,300 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mẹ́fà sí ọ̀nà méjì: wọ́n bi apá kan léèrè nípa ìpara-ẹni, wọn kò bi apá kejì. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2005 fi hàn pé ọkàn àwọn tí wọ́n bi kò dàrú ju ti àwọn tí wọn kò bi lọ, èrò láti pa ara wọn kò sì pọ̀ sí i. Kódà, láàárín àwọn tó ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ó dà bíi pé ọkàn àwọn tí wọ́n bi fúyẹ́ díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń béèrè ló ṣe pàtàkì. "O ò kúkú ní ṣe nǹkan burúkú fún ara rẹ, àbí?" kì í ṣe ìbéèrè. Olùkọ́ ti sọ èsì tó fẹ́ gbọ́, ọmọ náà yóò sì fún un ní èsì yẹn. Kí wọ́n béèrè ní gbangba: "Ṣé ó máa ń wá sí ọ lọ́kàn láti gba ẹ̀mí ara rẹ?" Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ jáde lẹ́nu lọ́jọ́ náà, kó tún un sọ, títí tí ahọ́n rẹ̀ kò fi ní kọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé ó nira. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré kò ní lè sọ ọ́ fún ọmọ tó ń gbọ̀n.

Bí ọmọ bá ní "bẹ́ẹ̀ ni", a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́, kó má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ì báà ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fẹ́ lọ. Kó má fi akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ṣọ́ ọ. Kó rán ẹnì kan lọ pe ẹni tó wà lórí ìwé yẹn, kí wọ́n mú ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹbí àti òṣìṣẹ́ ìlera sì gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la.

Àṣírí ńkọ́? Kí olùkọ́ má ṣe ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí pé ọjọ́ tó bá yẹ ìlérí yẹn ni ọmọ náà máa pa ẹnu dé fún gbogbo àgbàlagbà. Kó sọ pé: "Bó bá kan ẹ̀mí rẹ tàbí ti ẹlòmíràn, mo ní láti sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́. Àmọ́ màá kọ́kọ́ jẹ́ kó o mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ fún, kò sì ní di ọ̀rọ̀ yàrá àwọn olùkọ́." Bó bá jẹ́ ilé ni ẹni tó ń ṣe ọmọ náà níkà wà, ẹ má kọ́kọ́ pe ilé. Ẹ wá ohun tí òfin ààbò ọmọdé níbi tí ẹ wà sọ, kí ẹ fi sínú ojú ìwé kan yẹn.

Ó wá kan àwọn ọmọ méjì tó gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ má fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ tilẹ̀ yọ orúkọ wọn. Gbogbo ilé ló mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ẹni tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí wà nínú ewu ju ẹni tí kò ṣe é rí lọ, nítorí náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àgbàlagbà kan tó yàn fúnra rẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀.

Ẹ pe awakọ̀, ẹ pe àwọn tó ń dáná, ẹ pe ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkàwé. Kí wọ́n jókòó láàárín àwọn olùkọ́, kí wọ́n jọ ṣe eré náà. Awakọ̀ ló ń rí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ bá jókòó.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ lára lè dìde jáde, kò sì ní láti ṣàlàyé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí irú ikú bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí rẹ̀. Ẹ má sì retí pé ẹ̀kọ́ yìí máa gbé ẹrù kúrò lórí àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama 25 ní England àti Wales, wọ́n fi irú ẹ̀kọ́ yìí kọ́ àwọn olùkọ́ láti ran ẹlẹgbẹ́ wọn àti àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìwádìí náà, tí wọ́n ń pè ní WISE, jáde lọ́dún 2021, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan nínú bí ara àti ọkàn àwọn olùkọ́ ṣe rí. Àwọn méjì tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ rí kíláàsì kan tàbí méjì yọ kúrò nínú iṣẹ́ wọn lọ́sẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwé lásán ni gbogbo rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè. Ìwádìí SEYLE ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí Danuta Wasserman darí, kó akẹ́kọ̀ọ́ 11,110 jọ láti ilé-ẹ̀kọ́ 168 ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá. Níbì kan, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ láti mọ ọmọ tó wà nínú ewu; níbòmíràn, àwọn onímọ̀ ló ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ọmọ; níbì kẹta, wọ́n bá àwọn ọmọ fúnra wọn ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ṣe eré, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa ìdààmú àti bí a ṣe ń ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Lẹ́yìn oṣù méjìlá, ọ̀nà kẹta yìí nìkan ni ìgbìyànjú ìpara-ẹni ti dín kù ju ti àwọn tí wọn kò ṣe nǹkan kan tó pọ̀ fún lọ. Ọ̀rẹ́ ni ọmọ ń kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe tísà. Nítorí náà, ẹ lo sáà yìí fún àwọn òṣìṣẹ́, kí ọ̀nà má bàa dí nígbà tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rẹ́ wọn wá. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wá pe dókítà yẹn ní sáà kejì, fún wákàtí kan, kó wá dáhùn ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ ti kọ sílẹ̀ látinú ohun tí wọ́n bá pàdé. Láàárín méjèèjì, ẹ máa lo ogún ìṣẹ́jú lóṣù fún eré ọ̀rọ̀ sísọ yẹn. Ohun tí a kò bá tún ṣe kì í pẹ́ kúrò lẹ́nu. Ẹ má fi ìdánwò wọn ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀. Iye ọmọ tí wọ́n mú wá ni kí ẹ kà, àti iye ọjọ́ tó gbà kí ọmọ tó rí ìtọ́jú, àti ẹni tó mú wọn wá. Bó bá jẹ́ pé àwọn olùkọ́ mẹ́ta kan náà ló ń mú gbogbo wọn wá, ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Ẹ sì tètè sọ fún ìgbìmọ̀ pé iye náà máa lọ sókè ní oṣù àkọ́kọ́, torí pé àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀ ló ń bọ́ sójú báyìí. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ láti ẹnu yín ṣáájú, wọ́n máa ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín ló dá wàhálà sílẹ̀.